Àdán Oníbébà

Kò sí ọmọdé tí kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó jọ ti àgbà. Ní ilẹ̀ wa, ọmọbìnrin a máa fi iyanrìn se ọbẹ̀, a sì bù ú sínú ìkarahun ìgbín fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin a máa fi agolo wàrà ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, a fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀, a so okùn mọ́ ọn nímú, a sì máa wọ́ ọ kiri àdúgbò bí ẹni tí ń na ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Èmi pẹ̀lú ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó mẹ́wàá. Ní ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kó gbogbo wọn sábẹ́ ibùsùn, nítorí pé ojú ń tì mí kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí n kó wọn pamọ́. Èmi fúnra mi ni mo dá a rò pé ẹni tí ó ti ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ girama kò gbọdọ̀ máa wọ́ agolo nílẹ̀ mọ́.

Mo rántí àwọn agolo wọ̀nyí nígbà tí mo ka ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ará Amẹ́ríkà, Wilbur àti Orville Wright. Ayé mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì gbé ènìyàn fò tí wọ́n sì lè darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé inú ìṣeré ọmọdé ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn náà fi ìṣeré wọn sílẹ̀ nítorí ojú ayé, àti pé wọ́n ti di ọkùnrin tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kí wọ́n tó padà sí i. Bí wọ́n ti fi í sílẹ̀ àti bí wọ́n ti padà sí i ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí.

Ní ọdún 1878, ìlú Cedar Rapids ní ìpínlẹ̀ Iowa ni ìdílé Wright ń gbé. Bíṣọ́ọ̀bù ni Milton, bàbá wọn, iṣẹ́ ìjọ sì máa ń gbé e rin ìrìn àjò jíjìn. Nígbà tí ó ti ibi ọ̀kan nínú àwọn ìrìn àjò wọ̀nyí dé, ó fi ohun kan pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn ọmọ sì tó rí ohun tí í ṣe, ó jù ú sókè. Wọ́n rò pé yóò já bọ́ lulẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fò la inú yàrá kọjá, ó kan àjà, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tó wálẹ̀. Wilbur jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà náà, Orville sì jẹ́ ọmọ ọdún 7.

Ọparun, bébà, àti èèpo igi fífúyẹ́ tí a fi ń dí ẹnu ìgò ni wọ́n fi ṣe ohun ìṣeré náà. Ó ní abẹ̀bẹ̀ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Rọ́bà tí a ti lọ́ pọ̀ ni ó ń yí wọn. Bí èkíní bá sì ń yí sí ọ̀tún, èkejì a máa yí sí òsì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí abẹ̀bẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, ara ohun ìṣeré náà yóò máa pòòyì sí ìhà kejì, agbára rọ́bà yóò sì ṣòfò. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Alphonse Pénaud ni ó kọ́kọ́ fi rọ́bà ṣe irú rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó gbé àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan fò nínú ọgbà Tuileries ní Paris, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1871. Ó fò fún ìṣẹ́jú àáyá 11, ó sì rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 131. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni a bí Orville Wright. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń wá àmì nínú ọjọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìtàn yóò fẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ náà kò bìkítà fún orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ẹ̀rọ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Àdán.

Ohun tí a fi bébà ṣe kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, Àdán sì bàjẹ́ láìpẹ́. Dípò kí wọ́n sunkún, wọ́n ṣe òmíràn. Susan, ìyá wọn, ni wọ́n jọ nínú èyí: ọmọ ẹni tí ń kan ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni obìnrin náà, ó sì mọ irinṣẹ́ lò ju ọkọ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ Orville rí i lọ́jọ́ kan tí ó ń to igi wẹ́wẹ́ pọ̀ lórí tábìlì rẹ̀ nínú kíláàsì. Nígbà tí ó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe, ọmọ náà dáhùn pé ẹ̀rọ tí òun àti ẹ̀gbọ́n òun yóò fi fò ní ọjọ́ kan ni. Mo mọ ohun tí olùkọ́ tèmi ìbá fi dá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Àwọn Àdán kékeré tí wọ́n ṣe fò dáadáa. Nígbà náà ni wọ́n rò ó bí ọmọdé ti í rò: bí kékeré bá lè fò báyìí, ńlá yóò fò jù báyìí lọ. Wọ́n ṣe èyí tí ó tóbi. Kò fò tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún ṣe èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tilẹ̀ burú ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹnu yà wọ́n. Bí Àdán ti ń tóbi sí i ni fífò rẹ̀ ń dínkù sí i, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí lè rí ìdí náà nínú páálí ṣúgà. Ẹ mú ẹyọ ṣúgà kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba. Ẹ wá to òmíràn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, tí ìbú àti gíga rẹ̀ náà sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹyọ ṣúgà mélòó ni yóò gbà? Ẹni tí ó bá kánjú yóò ní méjì. Ẹni tí ó bá ronú díẹ̀ yóò ní mẹ́rin. Mẹ́jọ ni: mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lórí wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ojú kan ṣoṣo lára ohun tí ẹ tò náà, ojú ṣúgà mẹ́rin péré ni ẹ óò kà. Ìwọ̀n rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́jọ, ojú rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin péré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Àdán tí a sọ di ìlọ́po méjì ń fi ìyẹ́ mẹ́rin gbé ẹrù mẹ́jọ. Nígbà tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà kọ ìtàn ara wọn ní ọdún 1908, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn kò mọ̀ ní kékeré pé ẹ̀rọ tí ó bá fi ìlọ́po méjì gùn ju òmíràn lọ yóò béèrè agbára tí ó tó ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí kan náà ni ó jẹ́ kí alángbá lè já láti orí ìrókò kí ó sì máa mi orí, tí ènìyàn kò sì gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò láé.

Ojú tèmi náà rí i. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ ọmọ mi ní kí n ṣe ọkọ̀ agolo fún òun, nítorí pé mo ti máa ń fi wọ́n yangàn fún un. Mo fi agolo wàrà ṣe èkíní, ó sì yí dáadáa. Nígbà tí inú rẹ̀ dùn, mo ní kí n fi garawa ṣe ńlá. Mo fi wáyà tí ó nípọn ní ìlọ́po méjì so àwọn táyà rẹ̀ pọ̀, mo sì rò pé mo ti ṣe ohun gbogbo tán. Kí a tó di ẹrù kankan lé e lórí ni wáyà náà ti tẹ̀, ọkọ̀ sì fi àyà lélẹ̀. Ọmọ náà wò mí. N kò rí àlàyé ṣe fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn Wright. Nígbà tí Àdán ńlá kọ̀ tí kò fò, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì padà sí káìtì oníbébà tí a ń fi okùn gbé sójú afẹ́fẹ́. Nínú èyí, ọ̀gá ni wọ́n láàárín àwọn ọmọ àdúgbò; Orville tilẹ̀ ń ṣe é tà. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi káìtì náà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó sú wọn, nítorí wọ́n sọ nínú ìwé 1908 náà pé ìṣeré tí ó wu àwọn púpọ̀ ni. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé kò yẹ ọmọkùnrin tí ó ti dàgbà tó wọn mọ́. Ẹ kíyè sí i pé a kò gbọ́ pé bàbá tàbí ìyá dá wọn lẹ́kun.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n padà sí Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí wọ́n ti lo ìyókù ayé wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní 1889, ọdún tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá wọn. Ní 1892 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ológeere, ní 1896 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ́ tiwọn tà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896 yìí kan náà ni ìròyìn ikú kan jáde láti ilẹ̀ Jámánì. Otto Lilienthal, ẹni tí ó ti fi ìyẹ́ àtọwọ́dá fò láti orí òkè ní ìgbà tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, já bọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ikú ọkùnrin yìí ni ó mú kí àwọn Wright tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ fífò ní tòótọ́.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1899, Wilbur kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Washington pé kí wọ́n fi ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa fífò ránṣẹ́ sí òun. Ẹni ọdún 32 ni. Kò tọrọ ìwé náà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún lánàá. Ó sọ fún wọn láìtijú pé láti ìgbà tí òun wà ní ọmọdé tí òun ń ṣe àwọn Àdán, kékeré àti ńlá, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn òun.

Ní oṣù keje ọdún náà, ó ṣe ohun tí kò ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀: ó ṣe káìtì. Ó ti ṣàkíyèsí pé ẹyẹ a máa lọ́ ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ gbé e ṣubú. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti di páálí gbọọrọ kan mú nínú ṣọ́ọ̀bù, páálí tí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó rí i pé òun lè lọ́ òpin méjèèjì sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìjẹ́ pé páálí náà ya. Ó wá ṣe káìtì onípele méjì tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ó so okùn mọ́ ọn kí ó lè máa lọ́ ọ láti ilẹ̀, ó sì gbé e lọ sí pápá. Àwọn ọmọdékùnrin péjọ láti wòran. Nígbà kan, káìtì náà yára já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kò rí àyè sá. Ńṣe ni wọ́n da ojú bolẹ̀ kí ó má baà bà wọ́n.

Mo fẹ́ràn láti máa ro ìran yìí. Àwọn òbí wa a máa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní pápá yẹn, ọkùnrin kan ń lo ọwọ́ méjèèjì: ti ọmọdé tí ó mọ bí a ti í di okùn káìtì mú, àti ti àgbà tí ó mọ ohun tí òun fẹ́ bi afẹ́fẹ́ léèrè.

Káìtì náà dá a lóhùn dáadáa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì tí ó lè gbé ènìyàn gun afẹ́fẹ́. Wọ́n gbé èkíní lọ sí Kitty Hawk ní etí òkun North Carolina ní ọdún 1900, níbi tí afẹ́fẹ́ líle àti iyanrìn pọ̀ sí. Wọ́n gbé èyí tí ó tóbi jù ú lọ níbẹ̀ ní 1901. Ẹ̀yin náà yóò ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àdán ńlá tún kọ̀. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi gbé ọkọ̀ 1901 sókè jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ìṣirò inú ìwé ṣe ìlérí. Ìrẹ̀wẹ̀sì bá Wilbur. Bí wọ́n ti ń padà sílé, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ènìyàn kò ní fò lójú ayé àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣeré mọ́. Lára ìṣirò tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni tábìlì tí Lilienthal fi sílẹ̀ wà, Lilienthal sì ti kú. Bí ìṣirò náà kò bá tọ́, ẹni tí ó bá gun ọkọ̀ tí a fi í ṣe ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bí ó bá tọ́, a jẹ́ pé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni kò mọ iṣẹ́. Wọn kì bá ti bi ìwé léèrè mọ́. Ìwé ni ó ti ṣì wọ́n lọ́nà.

Nígbà náà ni wọ́n padà sí ìṣeré ní ẹ̀ẹ̀kejì, èyí ni ó sì jinlẹ̀ jù. Ní ìgbà èwe, wọ́n ti inú kékeré fò sínú ńlá láìbéèrè ohunkóhun. Nísinsìnyí, wọ́n kó ńlá padà sínú kékeré kí wọ́n lè béèrè. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún 1901, wọ́n kan àpótí gígùn kan tí a fi pákó ṣe, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ihò inú rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 16 níbùú lóròó. Abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi ògbólógbòó ayùn irin àti sípóòkì kẹ̀kẹ́ ṣe òṣùwọ̀n sínú rẹ̀. Wọ́n wá gé páànù sí ìyẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, wọ́n fi òjé àti ìda tún ojú rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń fi í sínú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dán wò tó igba. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ínǹṣì díẹ̀ lọ. Bí àlejò bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ náà, ohun tí yóò rí ni àgbàlagbà méjì tí ń fi páànù àti àpótí ṣeré.

Èso rẹ̀ tọ́jú wọn. Wọ́n rí i pé nọ́ńbà kan tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ṣe ìṣirò agbára afẹ́fẹ́ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, èyí tí wọ́n gbà sí 0.005, ti pọ̀ jù. Ó yẹ kí ó wà ní itòsí 0.0033. Nítorí náà gbogbo ìlérí tí a fi í ṣe ti fi nǹkan bí ìdajì ju òtítọ́ lọ. Tábìlì Lilienthal kò burú tó bí wọ́n ti fura sí i, Wilbur sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Wọ́n tún rí i pé ìyẹ́ tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ sàn ju èyí tí ó kúrú tí ó sì fẹ̀. Ìyẹ́ ọkọ̀ 1901 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 22 ní gígùn àti 7 ní ìbú. Ti ọkọ̀ 1902 di 32 ní gígùn àti 5 ní ìbú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Kitty Hawk, ó fò bí ìṣirò ti wí, wọ́n sì gùn ún ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

Ìyókù ni gbogbo ayé mọ̀. Charles Taylor tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 12, Orville sì fò ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903. Ìṣẹ́jú àáyá 12 ni ó lò lókè, ó sì rin ẹsẹ̀ bàtà 120. Bí ẹ bá padà wo ohun tí mo kọ ṣáájú, ẹ óò rí i pé àwòṣe onírọ́bà ti Pénaud rìn jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 1871! Ṣùgbọ́n ènìyàn wà nínú ti Orville, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, Wilbur ti lo ìṣẹ́jú àáyá 59, ó sì rin ẹsẹ̀ bàtà 852.

Àdán fúnra rẹ̀ kò sì kú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ Ingenuity fò ní ojú ayé Mars fún ìṣẹ́jú àáyá 39. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó ní, ọ̀kan lókè èkejì, wọ́n sì ń yí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ohun ìṣeré bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n so ẹ̀já aṣọ kékeré kan mọ́ ọn lára, èyí tí a gé láti ara ìyẹ́ ọkọ̀ 1903.

Tàífọ́ọ̀dù pa Wilbur ní ọdún 1912. Orville wà láàyè títí di 1948. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn pọ̀ nílé, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ròyìn nígbà tí wọ́n dàgbà pé bí a bá ra ohun ìṣeré tuntun fún àwọn, àwọn bàbá kékeré méjèèjì ni yóò fi í ṣeré títí yóò fi bàjẹ́, wọn yóò sì tún un ṣe kí ó dára ju bí a ti rà á lọ. Lorin, ẹ̀gbọ́n wọn, wá ní ilé iṣẹ́ tí ń fi igi ṣe ohun ìṣeré. Orville ṣe ọ̀kan fún un, nínú èyí tí pátákó kan ti ń ta aláwàdà onígi sókè kí ó lè lọ dìrọ̀ mọ́ igi jangirọ́fà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ni ó dá ohun ìṣeré náà sílẹ̀. Ẹni ọdún 53 ni nígbà náà.